Òkun Ìdí-Ọsàn

Ẹni tó bá fẹ́ ra òkun, kó sún mọ́bí, kó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe tà á fún wa ní Ìdí-Ọsàn.

Àárín Ìkọ̀tún sí Ìgàndò ni Ìdí-Ọsàn wà. Tí ẹ bá ń ti Ìkọ̀tún bọ̀, ẹ ó kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àlòkù, ẹ ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì méjì tó kọ̀yìn síra wọn, ẹ ó wá yà sápá òsì níbi tí wọ́n ti ń sá búlọ́ọ̀kù. Ibẹ̀ náà nìyẹn. Kò sí òkun níbẹ̀. Ará Ìdí-Ọsàn tó bá fẹ́ rí òkun, á wọ kẹ̀kẹ́, á wọ bọ́ọ̀sì, á tún wọ bọ́ọ̀sì míì, á bínú, á sùn, á jí, kó tó gbóòórùn iyọ̀. Nǹkan tí a ní ni gọ́tà. Gọ́tà kan báyìí tó la àárín àdúgbò kọjá, tó ń gbé omi òjò lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà.

Orúkọ wa kò ní àwítúnwí. Bàbá tó bí Bàbá Raheem ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ó gbin igi ọsàn kan sí iwájú ilé. Ẹni tó bá wá ra ilẹ̀, wọ́n á ní, "Máa bọ̀ ní ìdí ọsàn." Ó parí. Nígbà tó yá, àwọn lánlọ́ọ̀dù dáwó jọ, wọ́n ní kí wẹ́dà kan gé lẹ́tà onírin, ó jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù ní ẹnu ọ̀nà: IDI-OSAN. Ó dán, ó wuyì. Àfi ọjọ́ kan tí típà tó kó yẹ̀pẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn, tó forí sọ bọ́ọ̀dù. N já bọ́, ó yí gbirigbiri, ó kó sí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó wá a. Ta ló ń wá N? Gbogbo wa ṣáà mọ orúkọ ibi tí à ń gbé.

Àfi ẹnì kan ṣoṣo, òun náà ló tún jẹ́ káńsẹ́lọ̀ wa.

Ọnọrébù Festus Adéọlá ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tó sanra níwájú ni, ikùn rẹ̀ a máa dé ìpàdé ṣáájú rẹ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀yìn kan, Mùtíù, tó máa ń gbé fáìlì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ tẹ̀lé e kiri. Bí Ọnọrébù bá wúkọ́, Mùtíù á ní, "Ẹ kú ikọ́ o, sà. Ikọ́ ọlá ni." Bó bá sín, Mùtíù á dúpẹ́ pé ó rántí ará àdúgbò. Bó bá dákẹ́, Mùtíù á mi orí títí, á ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ yẹn, sà."

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn káńsẹ́lọ̀ sí sẹ́minà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá òkun. Àwọn tó wá láti ìlú etíkun, iwájú ni wọ́n jókòó sí, lábẹ́ éè-sí, wọ́n ń fún wọn lẹ́ja yíyan. Àwọn tó wá láti orí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ̀yìn ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀, wọ́n fún wọn ní míìtì-páì tó ti pẹ́ láyé. Ọnọrébù jẹ míìtì-páì náà bí ẹni ń jẹ ìyà. Kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi padà dé Ìkọ̀tún. Bí ọkọ̀ ṣe yà wọ àdúgbò, iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀ sára bọ́ọ̀dù.

"Mùtíù," ó ní, "ka nǹkan tó wà níbẹ̀ yẹn."

"Ìdí-Ọsà..." Mùtíù dúró. N ò sí níbẹ̀. Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó kà á. "Ìdí-Ọ̀sà ni, sà."

"Ọ̀sà," Ọnọrébù tún un wí. "Etí ọ̀sà la wà. Wọ́n wá ń fún mi ní míìtì-páì."

Ẹ wo nǹkan tí lẹ́tà kan ń ṣe láyé. Ká ní N yẹn wà níbẹ̀ ni, ọkùnrin yìí ì bá relé lọ jẹun.

Kò pẹ́ tó fi pe ìpàdé ìlú. Abẹ́ kánópì níwájú ilé-ìwé la jókòó sí. Ó dìde, ó tún ẹ̀wù ṣe, ó ní:

"Ẹ̀yin ọmọ omi. Ẹ̀yin ìran ìgbì. Ẹ̀yin tí iyọ̀ òkun dá lára tí ẹ ń rò pé òógùn ni. Wọ́n ti tàn yín jẹ. Babańlá yín kò fẹsẹ̀ rìn wá síbí. Àbùùbùtán ni wọ́n gùn wá, ẹja tí wọ́n ń bù tí kì í tán. Ibí yìí ni ẹja náà ti ní, 'Ó rẹ̀ mí.' Ìlú etíkun ni yín. Ìlú etíkun tó ti sọnù, tí èmi Festus sì wá rí he."

Mùtíù ń nu ojú, bẹ́ẹ̀ omi kankan ò sí lójú rẹ̀.

Bàbá Raheem dìde. Àgbàlagbà ni, ọmọ onílẹ̀, kì í pariwo. "Ọnọrébù, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló gbin igi ọsàn ọ̀hún. Kùkùté ẹ̀ ṣì ń bẹ. Orí ẹ̀ ni mo jókòó sí láàárọ̀ yìí."

"Bàbá, ẹ ṣeun," ni Ọnọrébù fi dá a lóhùn. "Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́. Nǹkan tí ẹ ń jókòó lé yẹn kì í ṣe kùkùté. Òpó tí àwọn babańlá wa ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ ni."

"Òpó ọkọ̀ ni, sà," Mùtíù ní. "Mo tiẹ̀ rí ojú okùn lára ẹ̀."

"Ewúrẹ́ mi ni mò ń so mọ́ ọn," ni Bàbá Raheem sọ.

"Ewúrẹ́ náà," Ọnọrébù bi í, "ṣé ó mọ nǹkan tí ẹ so ó mọ́?"

Bàbá Raheem rò ó wò. Òótọ́ ni, ewúrẹ́ náà ò mọ̀. Ó jókòó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti kun kùkùté ní búlúù àti funfun, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí fìlà. Láràárọ̀ ni bàbá ń ṣí fìlà fún kùkùté bàbá rẹ̀, tó sì ń jókòó lé e.

Ṣé ẹ rò pé ó tán? Ọnọrébù ní a ò gbọdọ̀ pe òun ní Ọnọrébù mọ́, Admírà lòun, ọ̀gá àwọn ológun ojú omi. Ó lọ bá télọ̀ kan ní Dopemu tó ń rán aṣọ fún àwọn tó ń fọn fèrè níbi òkú, ó gba fìlà onígóòlù kan níbẹ̀. Ó ní kí a yéé kí ara wa ní "ẹ káàárọ̀". "Ẹ kú ìgbì" la ó máa kí, èsì rẹ̀ ni "ìgbì á gbè wá". Ó ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe kẹ̀kẹ́ mọ́, ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni. Ẹ ò rí i bí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ṣe ń pè é ní Ìkọ̀tún: "Ìdí-Ọ̀sà, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o, ọkọ̀ ojú omi ti fẹ́ gbéra." A rẹ́rìn-ín títí. A ò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn náà lówó lórí.

Torí pé òkun ò lè wà láìní omi. Admírà wo ọ̀tún, ó wo òsì, gọ́tà nìkan ló rí. Ó bá ní kí wọ́n da kọnkéré dí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sọ kọnkéré náà ní "jẹ́tì", èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ó gé rìbọ́ọ̀nù lórí ẹ̀. Òjò rọ̀. Omi dé ẹnu jẹ́tì, kò rọ́nà lọ, ó padà, ó jókòó. Ó di àwọ̀ ewé. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ń léfòó lórí ẹ̀, pẹ̀lú bàtà ilé ìwẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Àwọn yànmùyánmú kó wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n gbọ́ pé etíkun tuntun ti ṣí. Admírà wá kọ́ ilé alájà kan sí etí rẹ̀ gan-an, ó kùn ún ní búlúù, ó ní orúkọ rẹ̀ ni Ilé Etíkun.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ lára jù ni Ràbíátù, Ìyá Hamdalah. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣọ́ọ̀bù ìlọta ló ní ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, òun náà ni oko rẹ̀. Òun ló ń bọ́ ọ, òun ló sì ń rán Hamdalah níléèwé. Òjò kejì lẹ́yìn jẹ́tì, omi wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ mu ún yó. Mẹkáníìkì tó ti àdúgbò Command wá tú u palẹ̀, ó tún un tò, ó ní, "Ìyá Hamdalah, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Tómi bá tún wọ inú ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ má pè mí. Onírin àlòkù ni kẹ́ ẹ pè."

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ràbíátù wé gèlè, ó lọ sí ọ́fíìsì Admírà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣí gọ́tà."

"Kí ló ń jẹ́ gọ́tà?"

"Omi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, sà."

"Ìyá Hamdalah," Admírà fẹ̀yìn tì, "ẹ̀yin lẹ ní ṣọ́ọ̀bù létíkun. Àwọn olówó ń fi gbogbo ayé wọn wá irú ẹ̀."

"Ata ni mò ń lọ̀, sà."

"Ata etíkun."

"Ó máa ń ta jù, sà," Mùtíù ní.

"Ẹ jẹ́ ká gbà á báyìí ná," Ràbíátù ní. "Kẹ́ ẹ kàn dá ihò kékeré sí i lára. Kó máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀."

"Kí n da òkun ìlú nù díẹ̀díẹ̀?"

"Ìdajì wá ńkọ́, sà?"

"Ìyá Hamdalah, a kì í ná òkun."

Ló bá jáde. Àmọ́ gbólóhùn yẹn bá a délé. A kì í ná òkun. Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń rò ó. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tajà rí, ẹ mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ẹni tó ń ná ọjà, kì í dẹ́rù ba ọlọ́jà. Ọlọ́jà á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní "máa lọ", á tún ní "padà wá". Ẹni tó ń dẹ́rù bani ni ẹni tí wọ́n pe ọjà fún tó ní, "Mo gbà. Dì í fún mi." Ọlọ́jà á wá máa ṣẹ́jú pàkòpàkò. Á máa bi ara rẹ̀ pé kí lẹni yìí rí tí òun ò rí.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà lọ.

"Ẹ kú ìgbì o, Admírà."

Inú Admírà dùn débi pé ó dìde. "Ìgbì á gbè wá, Ìyá Hamdalah. Ojú yín ti là?"

"Ó ti là, sà. Òkun ni. Mo gbà. Ohun tó kàn ń dùn mí ni àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n ní gọ́tà ni. Wọ́n ní tó bá jẹ́ òkun lóòótọ́, ṣebí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ etí omi ì bá ti wá wò ó."

Admírà yíjú sí Mùtíù. "O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, sà," ni Mùtíù wí. Kò gbọ́ nǹkan kan. "Ó ti ń dùn mí tipẹ́."

"Ẹ pè wọ́n, sà," Ràbíátù ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ú. Ẹnu àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá á wọhò."

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó bá Bàbá Raheem lórí kùkùté.

"Ràbí," ni bàbá wí, "wọ́n ní ìwọ náà ti ń kí ìgbì."

"Bàbá, mi ò ná òkun mọ́. Mo ti gbà á ní iye tó pè é. Tí àlejò bá dé, ẹ̀yin náà ẹ bá mi gbà pé òkun ni."

Bàbá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àní ó rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́ ṣubú lórí òpó ọkọ̀.

Admírà ránṣẹ́ pè wọ́n, ọjọ́ pé. Kánópì dúró, àga dúró. Màdáàmù Ìyábọ̀dé ló wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ etí omi. Obìnrin kúkúrú kan ni, ó wọ bàtà òjò, ó fi téèpù ìwọ̀n kọ́ ìbàdí. Ọkùnrin méjì tẹ̀lé e, wọ́n gbé ọ̀dà pupa dání. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀dà ṣe. Admírà rò pé àwòrán òun ni wọ́n fẹ́ kùn.

Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀. Àbùùbùtán tó ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ tún bí ọmọ sí i. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí Mùtíù, Mùtíù ká ṣòkòtò, ó wọnú omi aláwọ̀ ewé lọ, ó fa àwọ̀n tó ti fi pamọ́ síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹja ńlá kan jáde. Àtẹ́wọ́ dún.

Màdáàmù Ìyábọ̀dé fọwọ́ kan ẹja náà. "Ẹja yìí ti gan."

"Òkun wa tutù, mà," ni Mùtíù wí.

"Kò lórí."

Mùtíù wo ẹja. Pánlá inú fíríísà ni, láti ọjà Ìgàndò, ó gbàgbé pé wọn kì í kó orí ẹ̀ wá. "Ojú ló ń tì í, mà. Kò rí àlejò rí."

Màdáàmù ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí wa. "Ẹ̀yin ará àdúgbò, Admírà yín ní òkun ni. Kí lẹ̀yin sọ?"

Ràbíátù ló kọ́kọ́ dìde. "Òkun ni, mà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, kò kan ilẹ̀kùn. Gọ́tà kì í nírú ìgboyà yẹn."

Bàbá Raheem ṣí fìlà. "Òkun ni. Láràárọ̀ ni mò ń ṣí fìlà fún un."

"Òkun ni," gbogbo wa dáhùn. Omijé bọ́ lójú Admírà, ti òótọ́ báyìí.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Màdáàmù wí, ó sì tú téèpù. "Òfin wa ni pé ilé kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ etí òkun. Ta ló ni ilé búlúù yẹn?"

"Admírà wa ni, mà," Mùtíù sáré dáhùn. "Ilé Etíkun lorúkọ ẹ̀."

Àwọn ọkùnrin méjì kọjá lára Admírà. Wọ́n ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Wọ́n fa ìlà kan láti òkè sísàlẹ̀ lára ilé búlúù, wọ́n tún fa èkejì dábùú ẹ̀. Gbogbo ọmọ Èkó ló mọ àmì yẹn. Ẹni tí kò mọ A mọ X pupa lára ilé. Katapílà ló ń tẹ̀lé e.

Ní báyìí, ẹ fetí sílẹ̀, torí Admírà tó ní a kì í ná òkun fẹ́ ná an.

"Màdáàmù, ẹ dúró ná," ó ní. "Kì í ṣe òkun bí ẹní ń pè é lókun."

"Kí wá ni?"

"Ọ̀sà ni."

"Ọ̀sà náà, ilé ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn."

"Ẹ jẹ́ ká pè é lódò."

"Odò náà."

"Odò kékeré. Ìṣàn."

"Ó ń ṣàn lọ síbo?"

"Kò ṣàn," Admírà ní. Òógùn ń kán lábẹ́ fìlà góòlù. "Adágún ni. Adágún tí kò pẹ́. Ọ̀gbàrà, ẹ jẹ́ ká fi sí ọ̀gbàrà."

"Mà, ẹ má gbà á níye yẹn," Ràbíátù ké láti ẹ̀yìn. "Òkun ni. Admírà ló kọ́ wa."

"Ẹ kú ìgbì o, Admírà," ẹnì kan kígbe.

"Ìgbì á gbè wá," gbogbo wa dáhùn.

"Ẹ dákẹ́ jàre." Admírà ṣí fìlà. Ó rọra sọ nǹkan kan.

"Mi ò gbọ́ yín," ni Màdáàmù wí.

"Gọ́tà ni. Gọ́tà ni, mà. Ìdí-Ọsàn ni ibí yìí. Ọsàn. Ọsàn tí wọ́n ń bó jẹ."

Màdáàmù ká téèpù rẹ̀. "Gọ́tà," ó ní. "Ta ló wá dí gọ́tà ìjọba?"

Admírà wo Mùtíù, ó ṣẹ́jú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má dá Mùtíù lẹ́bi. Láti ọjọ́ tó ti ń bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́, gbogbo nǹkan tó bá ṣẹlẹ̀ láyé ló máa ń sọ pé ọ̀gá òun ló ṣe é. Ẹnu ẹ̀ ò mọ ọ̀nà míì.

"Admírà wa ni, mà," ó ní. "Fúnra wọn ni wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù."

Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fọ́ jẹ́tì. Omi gbéra, ó dún gbuurugbu, ó ń lọ bí àlejò tó ti mọ̀ tipẹ́ pé wọn ò fẹ́ òun. X ò kúrò lára ilé búlúù. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ìdajì ẹ̀ wà lórí ọ̀nà gọ́tà. Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Admírà rí fídíò pánlá onítìjú lórí fóònù, wọ́n pè é, wọ́n ní kó lọ sinmi, kó fẹ́ atẹ́gùn òkun díẹ̀. Mùtíù ti wà lẹ́yìn ẹlòmíì báyìí, ó ń kí i kú ikọ́.

Ràbíátù ló rí N. Ó ń gbá ẹrẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ìgbálẹ̀ kan irin. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e lọ fún Màdáàmù Ìyábọ̀dé. Màdáàmù ní ẹni tó sọ àìsí rẹ̀ di òkun ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ ni Festus Adéọlá ṣe gun àkàbà ní ẹnu ọ̀nà Ìdí-Ọsàn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń darí ẹ̀, ẹ̀rọ Ràbíátù ń ké lókèèrè, ó ń lọ ata ẹni ẹlẹ́ni. Ó kan ìṣó, ó tún kan òmíì. Ó nu ojú.

"Ṣé ó ti dúró?"

A wòkè. Ó ti dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó fi N dùbúlẹ̀. IDI-OSAZ.

Bàbá Raheem ò mọ̀wé. "Kí ló kọ síbẹ̀?" ó bi wá.

"Ìdí-Ọsásì, bàbá."

Bàbá dé fìlà rẹ̀ mọ́rí gírí. "Ẹ bá mi sọ fún un kó yí nǹkan yẹn padà kó tó sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Kó má lọ ronú kan nǹkan níbẹ̀."